Eyín Ọmọ Mi Wà Lórí Òrùlé

Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, òfin tó sì fi lé mi lọ́wọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: a kì í ka ìwé oníbàárà. Wo íǹkì bóyá ó mú dáadáa. Wo etí bébà bóyá ó gún. Wo nọ́ńbà ojú ìwé, kí èjì tẹ̀ lé ení, kí ẹ̀ta tẹ̀ lé èjì. Ó tán. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò kàn ọ́. Ìwé ìdánwò oríṣiríṣi iléèwé ti gba ọwọ́ wa kọjá, kò sì sí ọmọ Bàrígà kan tó lè ní òun rí ìbéèrè gbà lọ́dọ̀ wa. Kì í ṣe pé a mọ́ ju ẹlòmíì lọ o. A ò mọ ohun tó wà níbẹ̀ ni.

Òfin yìí wọ̀ mí lẹ́jẹ̀ débi pé nígbà kan mo tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi kan, mo gé igba rẹ̀ létí fúnra mi, mo dì í, mo sì bá a yan odì fún oṣù méjì pé ó ṣègbéyàwó kò pè mí. Nígbà tó wá bi mí pé ta ló tẹ ìwé ìpè yẹn, ilẹ̀ ni mo ń wò.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ẹ máa bi mí pé báwo ni ìyá tó gbọ́n ṣe máa gbé ọmọ rẹ̀ sí iléèwé kan ní Abúlé Òkúta fún ọdún mẹ́ta gbáko, tí kò ní mọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́ níbẹ̀.

Iléèwé tó wà ládùúgbò wa ló lé mi débẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta á gbé báàgì tó tóbi jù ú lọ, á gbé iṣẹ́ àṣetiléwá wálé, èmi ni màá ṣe é, wọ́n á sì na ọmọ nítorí ohun tí mo ṣì. Nígbà tí mo dé Abúlé Òkúta, tí mo rí ọgbà, òdòdó, ohun ìṣeré onígi, tí n kò rí pàṣán kankan lára ògiri, ara tù mí. Obìnrin tó ni iléèwé náà, gbogbo wa ń pè é ní Àǹtí Àgbà. Ó ti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta lókè òkun, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ọmọ ìkókó ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó fún mi ní ìwé kan pé kí n fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i. Ṣé ẹ̀ ń bi mí bóyá mo kà á ni?

Iléèwé náà ní àrà tirẹ̀. Láàárọ̀, àwọn ọmọ á dúró lágbàlá, wọ́n á kọjú sí oòrùn, wọ́n á kí i. Tí wọ́n bá fẹ́ pàlọ́, wọ́n á kọ́kọ́ tan àbẹ́là. Ọmọlangidi wọn kò lójú, kò nímú, kò lẹ́nu. Ọjọ́ tí ọmọ mi gbé ọ̀kan wálé, ọkọ mi da aṣọ bò ó lórí, ó ní òun ò lè jẹun níwájú ẹni tí kò lójú tó sì ń wo òun. Lọ́jọ́ míì, ọmọ ya àwòrán wa wá. Gbogbo wa pupa bí ẹja tí oòrùn Ìlàjẹ pa.

Mo ní, "Ta lèyí?"

"Ẹ̀yin ni, mọ́mì."

"Kí ló wá ṣe mí lára?"

"Kò sí dúdú nínú kíréyọ́ọ̀nù wa. Àǹtí ní àwa kì í lo dúdú."

Èmi tí íǹkì dúdú wà lábẹ́ èékánná mi láti ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta! Mo lọ bi Àǹtí Àgbà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Gbogbo ẹ̀ ló nídìí, Mọ́mì wa." Mo mi orí bí alángbá ara ògiri, mo padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá bi í ní nǹkan, ó nídìí. N kò rí ìdí náà rí, ṣùgbọ́n ó wà.

Ọkọ mi, oníṣẹ́ iná, kò fìgbà kan gbà fún wọn. Ó ní iléèwé tí kò ní ìwé dà bí ilé ọtí tí kò ní ọtí, kí ni èèyàn ń jókòó ṣe níbẹ̀? Òótọ́ ni. Ọmọ mi pé ọdún méje, ó mọ orin, ó mọ bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ, ó lè fi amọ̀ mọ ìgbín, kò sì mọ A yàtọ̀ sí àkàbà. Tí mo bá mú ìwé jáde nílé, á fọwọ́ bo ojú, á ní Àǹtí ní àkókò ò tíì tó. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ ohun tí mo fọwọ́ sí: pé òbí kò gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà nílé.

Ǹ bá ti ní sùúrù, àmọ́ ojú bàbá mi ń lọ. Dókítà ní èyí tó ti lọ kò ní padà, èyí tó kù ló ń jò lọ díẹ̀díẹ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń sún wọ àárín. Bàbá ní bí ìgbà téèyàn ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́ ni. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á máa yí orí kiri títí yóò fi rí ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ mú.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí. Ó ní, "Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo bí, ìṣojú mi ni ẹ ti kọ́kọ́ kàwé. Mo rí ẹnu yín. Ìwọ, ńṣe lo ń tu itọ́ sí mi lára. Ọmọ rẹ yìí nìkan ló kù. Mo fẹ́ rí ẹnu òun náà."

Mo ní, "Bàbá, ẹ máa gbọ́ ọ."

Ó ní, "Mo ní mo fẹ́ rí i. Ṣé etí ni mo sọ fún ẹ pé ó ń dùn mí?"

Mo sáré gba Abúlé Òkúta lọ. Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀bẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n kúnlẹ̀. Àǹtí Àgbà pe ọmọ mi, ó la ẹnu rẹ̀, ó sì ń yẹ eyín rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò iléyá. Ó ní, "Kò sí èyí tó tíì yọ. Tí eyín àkọ́kọ́ bá yọ kúrò lẹ́nu, a ó bẹ̀rẹ̀ ìwé. Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù, Mọ́mì wa. Ó nídìí."

Bí a ṣe gbógun ti eyín nìyẹn. Ọkọ mi ra ìrèké. Ó ra àgbàdo sísun tó ti gbẹ bí òkúta. Ó ra àgbọn, ó ra eegun ẹran. Eyín ti èmi alára bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, ti ọmọ dúró gbọin bí òpó iná. Láràárọ̀, bàbá mi á kí ọmọ tán, á ní, "Ya ẹnu, jẹ́ n fọwọ́ kàn án." Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀kan nísàlẹ̀ mì. Ìdùnnú ṣubú layọ̀ nílé wa, a ò lè sùn.

Ọ̀sán Àbámẹ́ta kan ló yọ, ní ṣọ́ọ̀bù, sínú ìrèké. Ọmọ kígbe, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, a hó yè. Bàbá mi dìde nílẹ̀. Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹni tó lè fi odindi wákàtí kan bá yín wí lórí ìgbàgbọ́ asán. Ó ní, "Pa ẹnu rẹ dé! Alángbá ò gbọ́dọ̀ rí ihò yẹn! Ẹ ṣa òkúta méje fún mi."

A ṣa òkúta méje, bí ọdún ọmọ ṣe tó. Ó kó wọn pọ̀ mọ́ eyín, ó jù ú sókè sórí páànù ṣọ́ọ̀bù wa, ó ń dún gbá-gbà-gbá, gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá tirẹ̀ ṣe fún un. Tí alángbá bá rí ihò eyín ọmọ, tuntun kò ní hù, ta ni kò mọ ìyẹn?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo fa ọmọ mi lọ́wọ́ wọ iléèwé, ó ya ẹnu káàkiri fún gbogbo ayé. Inú Àǹtí Àgbà dùn. Ó mú àbẹ́là wá, ó mú ọkọ́ kékeré wá, ó ní, "Eyín náà dà?"

Mo ní, "Ó wà lórí òrùlé."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Òrùlé ta ni?"

Àṣé kì í ṣe pé kí eyín yọ nìkan ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ sin ín sábẹ́ òdòdó pẹ̀lú orin kí wọ́n tó fún ọmọ ní lẹ́tà àkọ́kọ́. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi. Ó ní òun rò pé mo máa tọ́jú rẹ̀ ni, ta ló ń ju eyín ọmọ nù? Mo ní a ò jù ú nù, orí òrùlé la jù ú sí! Ó ní tí a ò bá rí i, àfi ká dúró de èkejì. Mo wo ẹnu ọmọ mi. Èkejì kò mì rárá.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, ọkọ mi gun òrùlé ṣọ́ọ̀bù wa. Àwọn ará ọ̀nà dúró. Ẹnì kan ní, "Alágbàṣe, ṣé iná ló bàjẹ́ ni?" Ó ní rárá, eyín lòun ń wá. Oníyẹn ní, "Ta ló gbá ọ lẹ́ṣẹ̀ẹ́ tó le tó yẹn?" Ẹ̀rín ta. Ọkọ mi ń fọwọ́ tú kòtò etí òrùlé níbi tí erùpẹ̀ àti ewé ti gbárajọ láti ọdún gbọọrọ. Ó ṣe díẹ̀, ó ké láti òkè pé, "Mo rí mẹ́ta! Èwo ni tiyín?"

Mẹ́ta! A gbàgbé pé eyín gbogbo ìdílé wa ló wà lókè yẹn. Ó kó wọn sọ̀kalẹ̀ sínú ìdérí ìgò. Bàbá mi gbé wọn súnmọ́ ojú, ó ń yí orí, ó ń fọwọ́ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Tìrẹ lèyí. Ó wọ́. Wàhálà tí eyín yìí kó bá mi!" Kò sí èyí tó jẹ́ ti ọmọ mi nínú wọn. Ọkọ mi ní kò burú, ká mú èyí tó funfun jù lọ, ta ni yóò mọ̀? Èyí tó funfun jù lọ, tèmi tó wọ́ náà ni. Mo wé e sínú bébà, mo fi í sínú báàgì. Ẹni tí nǹkan bá há fún a máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Àǹtí Àgbà fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa. Ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn olùkọ́ ni, èyí tí wọ́n fún un nígbà tó parí ẹ̀kọ́ lókè òkun. Ó fẹ́ ká tẹ ọgbọ̀n ẹ̀dà fún àwọn obìnrin tó ń bá a tọ́jú ọmọ, torí náà fóònù ló fi tú u sí Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sì sí nọ́ńbà kankan lójú ìwé rẹ̀. Àwọn àti nọ́ńbà kò rẹ́.

Ẹni tó ń bá mi wa ẹ̀rọ ti tẹ ojú ìwé mélòó kan láti iwájú kí iná tó lọ. Ó ṣe díẹ̀, iná dé lójijì. Fáànù tí a ò pa bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó gbá gbogbo èyí tó kù nílẹ̀, ó tú wọn ká gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Mo ṣà wọ́n jọ. Èwo ló ṣáájú? Èwo ló tẹ̀ lé e? Bí kò bá sí nọ́ńbà, báwo ni atẹ̀wé ṣe máa mọ̀ tí kò bá kà á? Mo wo bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ń tòògbé. Mo jókòó, mo sì kà.

Ó ní ẹ̀mí ọmọ ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú ìràwọ̀, kò sì tíì wọ ara tán kí eyín tó yọ. Ó ní tí ọmọ bá fojú kan lẹ́tà ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀mí rẹ̀ á há sí agbedeméjì. Ó ní kí olùkọ́ máa wo ẹsẹ̀ ọmọ tó bá ń rìn, kí ó lè mọ ẹni tí ọmọ náà jẹ́ nígbà tó wá sáyé tẹ́lẹ̀. Ó ní ẹ má sọ èyí fún òbí, òbí ò tíì ṣetán.

Èmi ni òbí náà. Kí ni n kò ṣetán fún? Ẹ jẹ́ kí n wí i bó ṣe rí: àwa tí à ń sọ ọmọ lórúkọ pé bàbá ti padà dé, ẹnikẹ́ni ò lè fi àtúnwá dẹ́rù bà wá. Àwa náà ní alángbá tiwa, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìta gbangba ni alángbá wa wà, ẹni tó bá fẹ́ kó fi wá rẹ́rìn-ín. Kò bọ́ sábẹ́ òdòdó kó fara pamọ́, kò sì sọ fún ọmọ ẹnikẹ́ni rí pé kó má kàwé.

Mo kà síwájú. Ó ní dúdú ni àwọ̀ tí ẹ̀mí ò lè gbé inú rẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn ilẹ̀ olóòrùn ṣì wà nípò ọmọdé nínú ẹ̀mí, àwọn ará ilẹ̀ òtútù ló ti dàgbà.

Háà. Mo wo èékánná mi. Dúdú yìí ló bọ́ mi. Òun ni bàbá mi fi rán àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níléèwé, tó fi kọ́lé, tó fi fọ́ ojú rẹ̀. Mo bínú débi pé omi bọ́ lójú mi. Odindi ọdún mẹ́ta ni ọmọ mi fi ń ya bàbá yìí ní pupa.

N kò bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ọ̀kadà ni mo gùn dé Abúlé Òkúta. Mo kó bébà náà lé Àǹtí Àgbà níwájú.

Ó ní, "Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ tán?"

Mo ní, "Mo ti kà á."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Mọ́mì wa, ìwé àwọn olùkọ́ ni. Ẹ ò yẹ kẹ́ ẹ kà á."

"Òótọ́ ni, n ò yẹ kí n kà á. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ kà á?"

Mo fi ìka sí ibi tí mo fẹ́ kó kà. Ó ń kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dé ibi ilẹ̀ olóòrùn, ètè dúró. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ tó dúdú ju tèmi lọ. Ó jókòó. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn kò sí mọ́ nígbà tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Wọ́n fún wa ní ìwé yìí lọ́jọ́ tí a gba sàtífíkéètì. Ó nípọn. Ibi orin ni mo kà, àti ibi tí wọ́n ti sọ nípa eyín. Èyí tó kù, mo ní màá kà á tó bá yá."

Ẹ wo ayé! Èmi ń tẹ̀ ẹ́, n kò kà á. Òun ń fi tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò kà á. Fóònù nìkan ló kà á délẹ̀, kò sì lẹ́nu láti pariwo. Mo fẹ́ bú u, àmọ́ mo rántí ìwé tí mo fọwọ́ sí, mo rántí ìwé ìpè ọ̀rẹ́ mi, ẹnu mi wúwo. Ó ní kí a dá iṣẹ́ náà dúró. Ó ní kí n fún òun láyè kóun rò ó.

Mo ní, "Ẹ rò ó dáadáa, Àǹtí. Ọmọ mi ń bá mi relé." Mo tú báàgì mi, mo gbé bébà kékeré kan ka orí tábìlì rẹ̀. "Ẹ gba eyín tí ẹ ní ká wá mú wá. Tèmi ni. Ẹ lè lọ sin ín, ẹni tó ni ín ti ń kàwé láti ọmọ ọdún márùn-ún."

Ọjọ́ kejì ni bàbá mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní kí a tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gbàǹgbà, kí ó kún ojú bébà, dúdú kirikiri. Ọmọ fọwọ́ bo ojú ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kẹta ó ń yọjú láàárín ìka. Ọ̀sọ̀ọ̀sán ni àwọn méjèèjì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, b-a ba, b-e be, ariwo ẹ̀rọ ń bò wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n ń pariwo borí rẹ̀. Ihò kọ́kọ́rọ́ bàbá ń kéré sí i. Nígbà tó di oṣù kejì, ó ń ta ẹsẹ̀ mọ́ bébà tí a tò sílẹ̀. Mò ń ka ọjọ́, mò ń bẹ Ọlọ́run. Ọmọ mọ lẹ́tà, ó mọ ba àti be, síbẹ̀ kò tíì rọrùn fún un láti so wọ́n pọ̀ di ọ̀rọ̀.

Ní Ṣómólú, bébà tó bàjẹ́ kì í ṣòfò. Ìyá alákàrà tó wà níwájú wa ló máa ń kó tiwa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ mi ra àkàrà fún bàbá àgbà rẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, epo wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ọmọ tẹ́ bébà náà sórí itan, ó ń wò ó. Ó fi ìka sí i.

"Ọ... mọ. Ọmọ. Tí. E... yín. Eyín!" Ó fi ahọ́n kan ibi tí eyín rẹ̀ ti yọ, níbi tí tuntun ti yọrí díẹ̀. "Rẹ̀. Kò. Tí... ì. Yọ. Kò. Gbọ́... dọ̀. Kà... wé."

Mo pa ẹ̀rọ. Bàbá mi ti di àgbọ̀n ọmọ náà mú, ó ń yí orí, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, títí ó fi rí ẹnu rẹ̀ mú. Ó wá dúró, kò mira.

Ó ní, "Ìwé ta nìyẹn?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ìwé oníbàárà ni, bàbá."

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún, kò sì yí ojú kúrò.

Ó ní, "Yí i padà, ọmọ mi. Kí ni wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀?"